A Ń Ṣe Píkíníìkì Ni, Sà

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Sífíìkì: ọdún mẹ́rin ní Ifọ̀ níbi tí wọ́n bí mi sí, ọdún márùn-ún lẹ́bàá títì márosẹ̀, láàárín Mòwé àti Ìbàfò. Bí ẹ bá jí mi lóru tí ẹ ní kí n ka ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, màá kà á kí ojú mi tó là tán. Àwọn ọmọ náà á kà á. Orí Kẹrin ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ló wà, láti abala 33 dé 46, wọ́n sì ti há a sórí bí orin. Ìbéèrè rẹ̀ kì í yẹ̀ nínú ìdánwò: kọ márùn-ún sílẹ̀. Ọmọ á kọ márùn-ún, màá fún un ní máàkì márùn-ún, yóò sì padà lọ kúnlẹ̀ síwájú kíláàsì torí pé ó sọ Yorùbá.

Mi ò bù mọ́ ọn. Àádọ́ta náírà ni ìtanràn ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ nínú ọgbà ilé-ìwé wa. Ẹni tí kò bá ní in lọ́wọ́ á kúnlẹ̀. Mọ́mì, ìyẹn ìyá tó ni ilé-ìwé, ní àwọn òbí ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, òótọ́ ló sì sọ. Lọ́jọ́ kan, mò ń kọ́ wọn nípa Soweto ní Gúúsù Áfíríkà, bí àwọn ọmọ ilé-ìwé ṣe tú síta ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà ọdún 1976 torí pé ìjọba aláwọ̀ funfun ní dandan ni kí wọ́n máa fi èdè Afrikaans kọ́ wọn ní àwọn ẹ̀kọ́ kan, tí ọlọ́pàá sì yìnbọn sí wọn. Ọmọkùnrin kan wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kan péré ló gbé e débẹ̀. Mo kọ 1976 sójú pátákó, mo yíjú padà, ojú èmi àti tirẹ̀ ṣe mẹ́rin. Mo ní kó dìde, kó lọ jókòó. Kò béèrè ìdí, èmi náà ò sọ fún un.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi Yorùbá làdí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn fún wọn, ní bòókẹ́lẹ́, pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní títì. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ tí mo rò pé yóò rọrùn ló le jù. Ẹ̀tọ́ ni ohun tó tọ́ sí ènìyàn. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ta ni à ń pè ní ọmọ tó tọ́? Ọmọ tó mọ ìkúnlẹ̀, tó mọ “ẹ jọ̀ọ́, sà,” tí kì í wo àgbà lójú. Inú “tọ́” kan náà la ti ń fa ohun tí wọ́n jẹ wá àti ohun tí a jẹ àgbà yọ, ọmọ tó bá sì di èkíní mú ṣinṣin, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi ní kò mọ èkejì. Mo bi wọ́n pé, “Kí ló tọ́ sí yín nílé-ìwé yìí?” Kẹ́kẹ́ pa. Ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó sẹ́bàá fèrèsé ní, “Àánú, sà.” Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe pé wọn ò gbọ́ ìtàn. Wọ́n mọ Martin Luther King ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Níbi ayẹyẹ ìparí ọdún, ọmọ kan máa ń wọ kóòtù bàbá rẹ̀, á sì máa ka ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà sọ ní Washington ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 1963, ohùn Amẹ́ríkà lá á fi kà á, àwọn òbí á máa lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Wọ́n mọ Rosa Parks. Àmọ́ nígbà tí mo sọ fún wọn pé ọjọ́ 381 ni àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Montgomery ní Amẹ́ríkà fi kọ̀ láti wọ bọ́ọ̀sì, kò kọ́kọ́ yé wọn. Ọmọ Mòwé mọ ohun tí ìrìn jẹ́. Lọ́jọ́ tí sùnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dí títì pa, láti Ìbàfò ni wọ́n ti ń fẹsẹ̀ rìn wálé, tàwọn ti báàgì lórí. “Sà, owó bọ́ọ̀sì wà lápò wọn, wọ́n wá ń rìn?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. “Ọjọ́ 381?” Ẹnu bíi mẹ́ta ló sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo tún fi Claudette Colvin lé e, ọmọ ilé-ìwé bíi tiwọn, ọmọ ọdún 15, tó ti kọ̀ láti dìde fún aláwọ̀ funfun nínú bọ́ọ̀sì ìlú yẹn ní oṣù Kẹta ọdún 1955, oṣù mẹ́sàn-án ṣáájú Rosa Parks.

Síbẹ̀, Montgomery jìnnà. Soweto náà jìnnà. Ọmọ á gbọ́ ọ bí ẹni tó ń gbọ́ àlọ́, á sì rò pé ìjà ẹ̀tọ́ kì í wáyé àfi níbi tí dúdú bá ti pàdé funfun. Àwa tí gbogbo wa dúdú, kí ló fẹ́ dá wa láàmú?

Ìyá àgbà mi ta láfún lọ́jà Ifọ̀ títí ó fi darúgbó. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wò ó ní ìwòkuwò, ì báà ṣe kọ́ńdọ́kítọ̀, ì báà ṣe ọkọ ọmọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ló máa ń sọ lù ú: “Kí lò ń wò lára mi, ṣé agbowó-orí ni ọ́?” Ẹ̀rín la máa ń fi rín. Owó ni mo rò pé ó ń bá wí. Ó ti kú fún ọdún mọ́kànlá kí n tó kà nínú ìwé ìtàn pé lára ẹ̀sùn tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá fi kan àwọn agbowó-orí ni pé wọ́n máa ń tú àwọn ọmọbìnrin láṣọ láti wò ó bóyá wọ́n ti dàgbà tó ẹni tí ń san owó. Mo pa ìwé náà dé. Gbogbo bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín yẹn, ìtàn ni màmá ń pa fún wa, etí wa ni kò sí níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìnkùlé wa gan-an ni ọ̀kan nínú ìtàn náà gbà kọjá. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá dá dúró fúnra rẹ̀ títí di ọdún 1914 tí òyìnbó gbà á mọ́ ara Nàìjíríà. Ní 1918 wọ́n gbé owó-orí tuntun dé, lórí iṣẹ́ àfipáṣe tó ti wà nílẹ̀. Àárín ọdún náà ni Ogun Àdùbí bẹ́. Àwọn ará oko hú irin rélùwéè, wọ́n gé wáyà tẹligíráàmù, àwọn ṣọ́jà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ogun Ìlà Oòrùn Áfíríkà dé ni wọ́n sì kó tì wọ́n. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ló kú. Irin rélùwéè láti Èkó sí Abẹ́òkúta yẹn náà ló gba Ifọ̀ kọjá, níbi tí àwa ọmọdé ti máa ń tẹ́ ìdérí ìgò sílẹ̀ kí ọkọ̀ ojú irin lè tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Kò sí tíṣà kankan tó sọ ọ̀rọ̀ Àdùbí fún mi, láti prámárì títí mo fi gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́.

Nítorí náà, ní sáà kejì ọdún tó kọjá, mo wọ kíláàsì SS2 láìgbé ìwé dání. Mo ní kí gbogbo ọmọbìnrin tó ti pé ọdún 15 dìde. Wọ́n dìde, wọ́n ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn. Mo ní kí àwọn ọmọkùnrin ẹgbẹ́ wọn jókòó síbi tí wọ́n wà. Mo ní, “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìdúró, ẹ jẹ ìjọba lówó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó, owó tiyín ò tíì tó san.” Ariwo ta. Torí kí ni? A ò ṣiṣẹ́, sà! Mo ní mo mọ̀. Ìyá yín ń san tirẹ̀, bàbá yín ń san tirẹ̀, ẹ̀yin náà á san tiyín. Ta ló ṣòfin náà? Aláké, ọba Ẹ̀gbá, àti òyìnbó. Obìnrin mélòó ló wà nínú ìgbìmọ̀ tó ṣe é? Mo kọ òdo ńlá kan sójú pátákó, mo sì jẹ́ kí wọ́n wà ní ìdúró bẹ́ẹ̀ títí mo fi parí ìtàn.

Ìtàn Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ni. Wọ́n ti gbọ́ pé òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wa mọ́tò ní Nàìjíríà, torí ìyẹn ni gbogbo ìwé ọmọdé ń sọ; bí ẹni pé mọ́tò wíwà ni gbogbo iṣẹ́ tí obìnrin náà ṣe láyé. Mo ní ká gbé mọ́tò sílẹ̀ ná. Ọdún 1944 ni òun àti àwọn ìyàwó ọlọ́lá dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ aṣọ rírán àti àsè sísè. Obìnrin ọlọ́jà kan tó fẹ́ mọ ìwé kà ló já ọ̀nà mìíràn fún wọn. Bí àwọn ọlọ́jà ṣe ń wá kàwé ni wọ́n ń sọ ẹdùn ọkàn wọn. Lásìkò ogun Hitler, ìjọba ń fipá gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn. Owó-orí wà lọ́tọ̀. Ní 1946 ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta, ó sì gbòòrò débi pé wọ́n ń ka ọmọ ẹgbẹ́ tó 20,000. Ìyá náà bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀, ìró àti bùbá ló ń wọ̀. Yorùbá ló sì ń sọ fún àwọn aláṣẹ òyìnbó, kí àwọn ọlọ́jà tó bá a débẹ̀ lè gbọ́ ohun tó ń lọ. Níbi tí mo dé yìí, ọmọkùnrin orí ìkúnlẹ̀ ọjọ́sí wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀. Wọ́n rán aṣojú. Wọ́n tún kọ ìwé. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ kò ní ariwo kankan nínú: àwọn obìnrin náà gba aṣírò owó, wọ́n ní kó yẹ ìwé ìnáwó ìjọba Aláké wò. Ẹ rò ó wò ná. Àwọn tó jẹ́ pé òǹkà ọjà nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn mọ̀, àwọn ló ní kí ọba wá ṣírò ohun tó fi owó àwọn ṣe. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ tú síta, tí ìjọba kọ̀ láti fún wọn ní ìwé àṣẹ, wọ́n ní ìwọ́de kọ́, píkíníìkì làwọn ń lọ ṣe. Wọ́n tún kọ́ra wọn bí wọ́n ṣe máa dáàbò bo ojú bí ọlọ́pàá bá yin tajútajú, àti bí wọ́n ṣe máa ṣa agolo rẹ̀ nílẹ̀ jù padà. Kíláàsì rọ́ kẹ̀kẹ̀ lórí ìyẹn, mo ní láti fi ọwọ́ gbá tábìlì.

Lópin oṣù Kọkànlá ọdún 1947, bí 10,000 obìnrin jókòó síwájú ààfin Aké, wọ́n sun ibẹ̀ mọ́jú. Nínú oṣù Kejìlá wọ́n tún padà lọ. Orin tí wọ́n kọ fún ọba, mi ò lè gbé e sẹ́nu níwájú ọmọ ẹlòmíràn. Ní 1948 wọ́n dá owó-orí obìnrin dúró. Aláké náà, Ọba Adémọ́lá Kejì, fi ìlú sílẹ̀ lọ sí Òṣogbo, nígbà tó sì di ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 1949, ó gbé oyè sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún péré ṣáájú ọjọ́ náà, ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1948, ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí Ìkéde Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ní Paris, abala 30 gbáko. Òyìnbó tó ń jọba lé wa lórí wà lára àwọn orílẹ̀-èdè 48 tó dìbò fún un. Àwa ò sí níbẹ̀. Mo kọ ọjọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, mo fi ẹfun fa ìlà sí àárín wọn, mi ò sọ nǹkan kan mọ́.

Ọmọkùnrin kan na ọwọ́. Ó ní, “Sà, ṣé kì í ṣe àrífín nìyẹn? Ọba ni o.”

Mo ti ń retí ìbéèrè yẹn, ẹ̀rù rẹ̀ sì ti ń bà mí. Ìwé Sífíìkì kì í béèrè rẹ̀. Mo ní àrífín ni, bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò lè parọ́ fún un pé wọ́n kúnlẹ̀ kí ọba. Kí n tó rí ohun tí màá fi tì í lẹ́yìn, ọmọbìnrin ẹ̀bá fèrèsé ti sọ̀rọ̀: “Wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ ná. Ẹ ní wọ́n kọ ìwé, wọ́n tún kọ ìwé. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí ẹ̀bẹ̀ fi tán.” Aago lù.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn fúnra wọn ló mú ọ̀rọ̀ wá. Ọ̀kan sọ bí ọlọ́pàá ṣe ń gba fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tú lójú títì. Mo rántí agbowó-orí ìyá àgbà mi. Òmíràn rántí Kazeem Tiyamiyu, agbábọ́ọ̀lù Remo Stars tó kú ní Ṣágámù, tí kò jìnnà sí wa, ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 2020 lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́pàá mú un, tí ìlú sì dà rú. Ọmọ prámárì ni wọ́n nígbà yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ ọ́n. Oṣù Kẹwàá ọdún náà ni àwọn ọ̀dọ́ káàkiri Nàìjíríà tú síta lòdì sí SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá kan, tí ìjọba sì tú u ká ní ọjọ́ 11. A ka abala 35 pa pọ̀: ẹni tí wọ́n bá mú, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti gbé e dé kóòtù tí kóòtù bá wà nítòsí, ọjọ́ méjì bí kò bá sí. Wọ́n dà á kọ. A ka abala 40, ẹ̀tọ́ láti péjọ ní ìrọwọ́rọsẹ̀. Ìyẹn náà, wọ́n dà á kọ.

Mi ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Owó kọ̀ǹpútà wà nínú bílì ilé-ìwé wa, ẹgbẹ̀rún méjì náírà ní sáà kọ̀ọ̀kan. Yàrá kọ̀ǹpútà náà wà. Mẹ́fà ni kọ̀ǹpútà ibẹ̀, wọ́n fi aṣọ funfun bò wọ́n bí òkú, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ Mọ́mì. Ní ọjọ́ Ajé kan, ìwé kan dé orí tábìlì rẹ̀, ọmọ mẹ́tàlélógójì ló bu ọwọ́ lù ú. Wọ́n ṣírò rẹ̀: ẹni tó bá ti JSS1 wà níbẹ̀, sáà mẹ́rìnlá, ẹgbẹ̀rún méjìdínlọ́gbọ̀n náírà. Wọ́n ní àwọn fi ọ̀wọ̀ béèrè ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe, àti ọjọ́ tí àwọn máa fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́. Wọ́n sì fi kílíìpì mọ́ àádọ́ta náírà mọ́ igun ìwé náà, owó ìtanràn.

Mọ́mì ò dá wọn lóhùn. Ọjọ́ Ẹtì, nígbà ìsinmi, wọ́n tẹ́ aṣọ sábẹ́ igi máńgòrò iwájú ọ́fíìsì, wọ́n gbé búrẹ́dì, ẹ̀pà àti píọ̀ wọ́tà jáde. Aago lù, wọn ò dìde. Igbákejì ọ̀gá jáde, ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe. Mo gbọ́ ọ láti yàrá olùkọ́, ohùn mẹ́tàlélógójì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí wọ́n ń kí àlejò:

“A ń ṣe píkíníìkì ni, sà.”

Wọ́n pè mí. Mọ́mì ò pariwo. Ó ì bá sàn kó pariwo. Ó ní, “Tíṣà, ṣé ohun tí mo gbà yín fún nìyí, kí ẹ máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní àfojúdi?” Mo ní rárá, mà. Ó ní kí n lọ kó wọn dìde. Nígbà yẹn, owó oṣù méjì wà nílẹ̀ tí ilé-ìwé jẹ mí. Mo máa ń kí Mọ́mì láràárọ̀, mo máa ń dọ̀bálẹ̀, mi ò béèrè owó yẹn rí. Ojú àánú ni mò ń wò. Ibi tí mo dúró sí gan-an níwájú tábìlì yẹn ló ti wá sí mi lọ́kàn pé ohun tí ọmọ ẹ̀bá fèrèsé sọ nípa ohun tó tọ́ sí wọn, èmi gan-an ni mo kọ́ ọ, kì í ṣe pẹ̀lú ẹnu.

Mo jáde. Oòrùn mú. Ẹnìkan nawọ́ búrẹ́dì sí mi, mi ò gbà á. Ó yẹ kí n sọ abala 40 fún ẹni tó rán mi. Dípò bẹ́ẹ̀, mo wò wọ́n, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́.” Wọ́n ká aṣọ wọn nílẹ̀, wọ́n ṣa èèpo ẹ̀pà, wọ́n wọ kíláàsì lọ ní ìlà kan. Kò sí ẹni tó bú mi. Kò sí ẹni tó kí mi.

Sáà kẹta wọlé. Wọ́n ti ká aṣọ funfun kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Méjì nínú mẹ́fà ń tàn. Owó oṣù kan nínú méjì wọ̀ fún mi, torí pé mo kọ ìwé, ìlà mẹ́rin péré, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo sì fi kọ ọ́. Bílì tuntun jáde. Owó kọ̀ǹpútà ò sí níbẹ̀ mọ́. Ní ìlà keje, wọ́n kọ owó ìdàgbàsókè: ẹgbẹ̀rún méjì náírà.

Ọmọbìnrin ẹ̀bá fèrèsé mú tirẹ̀ wá bá mi níbi tí mo ti ń máàkì. Ó fi ìka sí ìlà keje, ó jẹ́ kí n wò ó dáadáa. Ó ní, “Sà, ọdún mélòó lẹ ní àwọn ìyá yẹn fi bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó lọ jókòó?” Mo gbé bírò sílẹ̀, mo ń kà á lórí ìka, láti ìgbà ìrẹsì, láti ìgbà ogun. Kò dúró gbọ́ iye tó jẹ́. Ó ká bílì náà sí mẹ́rin, ó tẹ̀ ẹ́ bọ àárín ìwé Sífíìkì rẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé, sà,” ó sì padà sẹ́bàá fèrèsé.